Ọ̀rọ̀ Tí Arvella Sọ Nídìí Ẹja Díndín

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Hollis Stroud ṣì wà láyé, ó ṣì ń gbé agolo oúnjẹ rẹ̀ lọ sí ilé ìlagi ní gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá. Inez, ìyàwó rẹ̀, ṣì wà láyé, àtọ̀gbẹ kò tíì mú un lẹ́sẹ̀. Àǹtí Treva, àbúrò Hollis, ṣì wà, obìnrin tí kò sí ilé tí kò ti ní àga tirẹ̀ ní ìlú Tolliver. Doyle náà ṣì wà. Ah, Doyle! Tó bá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ agbégilódò rẹ̀, ẹni tó wà lójúde ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi á gbọ́ ọ. Ọmọ méjì péré ni Inez bí, Doyle yìí àti Arvella, ọdún mẹ́rin ló sì wà láàárín wọn.

Arvella ló ń dúró nídìí káńtà ní ilé ìtajà irúgbìn àti oúnjẹ ẹran. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà, kò tíì lọ́kọ, àwọn ìyá ìjọ sì ti ń wò ó bí ẹni ń wo oúnjẹ tó ń tutù lórí tábìlì.

Ọkùnrin kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní àárọ̀ àárọ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tó wọ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á ra oúnjẹ adìẹ àpò méjì lọ́sẹ̀, á wá fara ti ògiri níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń mu kọfí, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ òjò àti ti ọ̀dá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Arvella kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, adìẹ mélòó lẹ ní?"

"Ẹ̀n?"

"Adìẹ ni mo bi yín. Ọ̀sẹ̀ yìí àpò méjì, ọ̀sẹ̀ tó kọjá àpò méjì. Tó bá jẹ́ adìẹ ló ń jẹ gbogbo rẹ̀, wọ́n á ti tó màlúù báyìí."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó tẹ̀ síwájú lórí káńtà. "Ẹ má pariwo. Mi ò ní adìẹ kankan."

Garland Moseley lorúkọ rẹ̀. Lọ́yà ni, lọ́yà àwọn tó farapa: ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, ẹni tí ọkọ̀ gbá, ẹni tí ilé wó lù lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ará ìlú méjìlá ni wọ́n máa ń mú láti jókòó gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn méjìlá yìí ló máa ń sọ ẹni tó jàre. Inú àwọn tó ń mu kọfí lẹ́bàá ògiri yẹn ni wọ́n sì ti máa mú wọn.

"Mo fẹ́ kí wọ́n ti mọ ojú mi níbi tí wọ́n ti ń rajà," ó ní, "kí wọ́n tó rí mi ní kóòtù."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ kọ́. Mo sanwó oúnjẹ adìẹ."

"Ó dáa. Irọ́ tí wọ́n sanwó fún ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi pọ́n. Ẹjọ́ yẹn parí, ó jàre rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yé wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ẹjọ́, Arvella gbé àgò kan lé e lọ́wọ́, àgbébọ̀ adìẹ méjì ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ gbà. Kí ẹ yé purọ́."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń rìn, tí wọ́n ń jókòó nínú ọkọ̀, Garland sọ fún un pé ilé ìlagi kan ní apá àríwá ni bàbá òun ti ń ṣiṣẹ́, pé ayùn gba apá ọ̀tún rẹ̀ lọ ní ọdún kan. Tòlótòló kan ni ọ̀gá wọn gbé wá fún wọn ní Kérésìmesì, wọ́n ní kó má padà wá mọ́. "Ìyá mi se tòlótòló náà. A jẹ ẹ́. Bàbá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì gé ẹran." Ìdí tó fi lọ kọ́ òfin nìyẹn. Ó ní mọ́tò ńlá nílé, ṣùgbọ́n tó bá ń lọ sí kóòtù, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ló máa ń wà lọ, kí àwọn méjìlá yẹn lè rí i pé ọ̀kan nínú wọn ni òun. Nígbà míì Arvella á dùbúlẹ̀ á máa rò ó: èwo ni ti ọkùnrin yìí gan-an, èwo ló wọ̀ fún ojú ayé? Ó wá máa ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé, àwọn adìẹ yẹn ṣáà ń yé.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni wọ́n pe Garland wá jẹun. Hollis jẹ́ kó kó ẹ̀wà sínú àwo tán kó tó lanu.

"Arvella ní lọ́yà ni ọ́. Irú lọ́yà wo?"

"Ti àwọn tó farapa, sà."

"Mo ti gbúròó yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń dé ibi ìjàǹbá kí dókítà tó dé."

"Hollis!" ni Inez pariwo.

"Jẹ́ n bi í. Ọ̀gbẹ́ni Moseley, tí ẹ̀ka igi bá já lù mí lórí lọ́la, ta ni wàá pè lẹ́jọ́? Igi náà?"

"Ó di kí n mọ ẹni tó ni igi náà, sà."

Ẹ̀rín tí Doyle bú sí pọ̀ débi pé tíì oníyìnyín gba imú rẹ̀ jáde. Hollis kò rẹ́rìn-ín. Ó ní igi ló bọ́ àwọn ọmọ òun, ilé ìlagi ló kọ́ òrùlé tó wà lórí wọn, ẹni tó ń fi egbò ẹlòmíì ra bàtà kò ní fẹ́ ọmọ òun. Ó dìde, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀wà rẹ̀ tutù sínú àwo.

Oṣù mẹ́jọ ni Àǹtí Treva fi lọ, tó fi bọ̀. Tó bá gbé ọ̀rọ̀ Garland wá lónìí, á gbé ti Hollis padà lọ́la, á sì fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i lójú ọ̀nà.

"Hollis, ta lo wá fẹ́ kó fẹ́? Ọmọ Tidwell tó máa ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó kọ orin àkọ́kọ́?"

"Ọmọ Tidwell kì í pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́."

"Kí ló fẹ́ fi pè é? Kò jí!"

Ṣùgbọ́n Doyle ló jà á já. Ó wọlé bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń pọ́n àáké, ó ní, "Bàbá, ẹni tó lè dá yín lóhùn láì gbọ̀n nídìí tábìlì yín, ẹ jẹ́ kó wọlé. Èmi ọmọ yín gan-an, mo ṣì ń gbọ̀n." Hollis pọ́n àáké náà títí. Ó wá ní, "Sọ fún àbúrò rẹ pé mo ti gbọ́." Garland ra òrùka. Wọ́n mú oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀ fún ìgbéyàwó.

Ìgbà òtútù yẹn, lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn méjèèjì jókòó sí ilé oúnjẹ kan létí odò, wọ́n ń jẹ ẹja àrọ̀ díndín. Àwàdà ni Arvella ń ṣe. Ó ń sọ̀rọ̀ pátákó lẹ́tà tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé kóòtù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú àwọn tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ wò. Pátákó kan náà ló ti wà lára ògiri láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti wà ní wúńdíá. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lórí ní Tolliver. Àwọn ọmọdé ń fi í fo okùn. Àwọn arúgbó tí kò lè rí ẹnu ọ̀nà á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á kà á geerege bí ẹni ka Orin Dáfídì.

"E, F-P, T-O-Z," ni Arvella ń kọ ọ́ lórin, Garland ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Doyle gan-an, bí wọ́n ṣe gba tiwọn nìyẹn."

"Kí ló ṣe ojú Doyle?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Arvella. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó fi ìka kó ìyẹ̀fun àgbàdo jọ sí etí àwo. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun, ó ní. Òun lòun mú rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ, òun lòun fi òkúta sí i, ìṣeré ni. Ojú òsì Doyle ló bà. Ẹ̀jẹ̀ kọ́, omi ló ń jáde. Doyle, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, "Dákẹ́ ẹkún. Mo ṣubú lórí igi ni. Ṣé o gbọ́? Mo ṣubú lórí igi." Ohun tó sọ fún bàbá wọn nìyẹn, bàbá wọn sì nà án pé ta ló rán an gun igi. Ojú yẹn kò ríran mọ́ ju òjìji lọ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún láyé mi," Arvella ní.

Garland na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó di tirẹ̀ mú. "Kò ní kúrò níbí."

Ó ku oṣù mẹ́rin kí wọ́n ṣègbéyàwó ni ọkọ̀ Doyle gbá ọmọ Delphia Cobb. June lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, apá òsì ló ti ń bọ̀. Doyle kò rí i. Ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì sọ́nà, bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. June kò kú. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló kán, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ kò mọ nǹkan kan mọ́. Opó ni Delphia, ilé ìdáná ilé-ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Doyle jókòó sójú ọ̀nà tí wọ́n fi gbé ọmọ náà lọ, wọn kò lè gbé e dìde.

Delphia lọ bá Garland. Ta ni ì bá lọ bá? Garland wá bá Arvella lórí fàráńdà ilé wọn, kò lè jókòó.

"Kọ̀ ọ́," ni Arvella ní. "Sọ fún un pé àna rẹ ni Doyle."

"Mo sọ fún un. Ó ní lọ́yà mẹ́ta ti kọ òun, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ gẹdú tó ni ọkọ̀ Doyle jà ní ìlú yìí. Arvella, ọmọ yẹn máa nílò ẹni tó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì títí tó fi máa kú. Ta ló máa yí i? Delphia tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ láago márùn-ún àárọ̀?"

"Bọ̀dá Doyle ńkọ́?"

"Kì í ṣe Doyle ni mo ń bá jà, ilé-iṣẹ́ gẹdú ni. Bíréèkì ọkọ̀ yẹn kò dáa, mo ti rí ìwé rẹ̀. Bíréèkì ni màá mú dání. Mi ò ní fọwọ́ kan Doyle."

"Búra."

"Mo búra fún ọ."

Arvella gbà. Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú títí ẹjọ́ yóò fi parí. Hollis kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Doyle fúnra rẹ̀ ló ń tu Arvella nínú. "Jẹ́ kó gba ẹjọ́ náà. Ọmọ yẹn ò ní ẹlòmíì."

Oṣù kẹwàá ni wọ́n jókòó sí kóòtù. Ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ gẹdú mú ẹlẹ́rọ kan wá láti ìlú Jackson, ọkùnrin onírungbọ̀n kan, ó tú bíréèkì náà palẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Arvella ń wo àwọn méjìlá. Ó mọ̀ wọ́n, ó ti ta irúgbìn fún mẹ́jọ nínú wọn. Ó rí bí ojú wọn ṣe ń kúrò lára ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Nírọ̀lẹ́, ó rí Garland níta kóòtù, ó dúró ti ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé ó burú?"

"Ó burú." Kò wò ó lójú. "Lọ sinmi, olólùfẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó pe Doyle sórí àga ẹlẹ́rìí.

Nǹkan kan wà lára ògiri tí wọ́n fi aṣọ bò. Garland ní kí Doyle fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ gẹdú fò sókè, adájọ́ ní kó jókòó. Garland wá ṣí aṣọ náà. Pátákó lẹ́tà ni.

"Ọ̀gbẹ́ni Stroud, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wa."

Doyle fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. "E. F, P. T, O, Z. L, P, E, D."

Méjì nínú àwọn méjìlá rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn náà mọ̀ ọ́n lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo pátákó. H ló wà lókè pátákó náà. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀ tó jọ èyí tí Doyle kà. Ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu. Èèyàn ń gbọ́ bí táyà kẹ̀kẹ́ June ṣe ń dún lórí pákó.

Doyle mú ọwọ́ kúrò lójú. Ó wo pátákó náà. Kò wo Garland. Ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́yìn ló kọjú sí, ó ń wá ẹnì kan, ó sì rí i. Arvella kò jẹ́ gbàgbé ìwò yẹn. Ì bá sàn kó jẹ́ ìbínú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn délé tó rí i pé wọ́n ti kó gbogbo ẹrù òun lọ, tó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn, tó rí i pé wọn ò fọ́ ọ, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i.

"Láti ìgbà wo ni ojú yẹn kò ti ríran?"

"Láti kékeré, sà."

"Ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ yín yẹ ojú yín wò rí, bí òfin ṣe sọ?"

"Rárá, sà. Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí."

"Kí ló ṣe é?"

Doyle ti búra lórí Bíbélì. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Mo ṣubú lórí igi, sà."

Garland mọ̀ pé irọ́ ni. Ó wá ní, "Kò sí ìbéèrè mọ́."

Àwọn méjìlá kò jókòó wákàtí méjì. Owó tí wọ́n dá fún June tó kó fi kọ́ ilé, kó ní nọ́ọ̀sì mẹ́ta, kó má ṣe aláìní títí ayé. Àwọn èèyàn gbé Garland lé èjìká. Arvella gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Nílé, Hollis ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá. "Ta ló sọ fún un? Èmi bàbá rẹ gan-an ò mọ̀! Ta ló sọ fún un?"

Arvella lanu. Doyle ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó wádìí ni, Bàbá. Iṣẹ́ lọ́yà kọ́ nìyẹn?"

Ì bá jẹ́ pé ó gbá a létí, Arvella ì bá dúpẹ́. Doyle kò bá a jà nígbà náà, kò bá a jà rí. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún un ní ilé ìlagi, ó ń gbá ìyẹ̀fun igi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò tún gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́.

Arvella fi òrùka náà sínú àpòòwé, ó fún Àǹtí Treva. Treva lọ, ó bọ̀.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ọmọ yẹn máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mímọ́ lónìí."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó sunkún, Arvella. Mi ò fẹ́ sọ ìyẹn fún ọ, ṣùgbọ́n ó sunkún."

"Kó máa sun ún lọ."

Ọdún ń gorí ọdún. Òfin wá gba àwọn lọ́yà láyè láti polówó ara wọn, Garland sì gbé àwòrán ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín kọ́ sí oríta tó lọ sí ilé ìtajà irúgbìn, ó ga ju igi lọ: Ṣé ẹ farapa? Ẹ pe Garland Moseley. Láàárọ̀ láàárọ̀, Arvella á wakọ̀ gba abẹ́ ẹ̀rín yẹn kọjá. Ó ti farapa, ta ni kó pè?

Ọjọ́ kan ó gbójú sókè nídìí káńtà, ọkùnrin náà ló dúró síbẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun.

"Kí lẹ fẹ́ rà, sà?"

"Arvella, má pè mí ní sà."

"Àwọn oníbàárà ni mo máa ń pè bẹ́ẹ̀."

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la," ó ní, "màá tún un ṣe. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ọmọ yẹn ì bá máa sùn lórí ilẹ̀."

"Mi ò bínú torí ọmọ. O búra fún mi. Tí o bá fẹ́ yẹ ìbúra rẹ, kí ló dé tí o kò sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn? O wò mí, o ní kí n lọ sinmi."

"Tí mo bá sọ fún ọ, wàá sọ fún Doyle."

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Doyle á sì ti kọ́ pátákó tuntun kí ilẹ̀ tó mọ́."

Òótọ́ ni. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. "Nítorí náà, ní alẹ́ yẹn, o ti kà mí mọ́ àwọn tó ò ń bá ṣẹjọ́."

Garland ra oúnjẹ adìẹ àpò kan, ó jáde.

Hollis kú, kò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Doyle wá jókòó ti Arvella lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni Arvella nígbà náà.

"Lọ fẹ́ ọkùnrin yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀dá, ẹ má dá mi lóró."

"Fetí sílẹ̀. Mo máa ń lọ kí June ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó ń kọ́ ìwé ìṣirò, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èmi ni mo gbá a, Arvella. Ojú tí mi ò ní ni mo fi gbá a. Tí o bá dákẹ́, màá ṣì máa wakọ̀ títí di òní, ọmọ Delphia á ti kú sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́gbin. Mo ti fún ọ ní ojú kan. Ṣé o fẹ́ kí n fún ọ ní ìkejì kó o tó ní ọkọ?"

Arvella rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Àǹtí Treva tó ti ń fi ọ̀pá rìn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ó ní ìrìn tí òun dá gbẹ̀yìn nìyẹn, kí wọ́n má tún rán òun mọ́. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn, pásítọ̀ so wọ́n pọ̀ nínú pálọ̀ Inez, èèyàn mẹ́fà péré.

Ká sọ òótọ́, ìgbéyàwó náà kò burú. Garland kì í pariwo, kì í lé obìnrin. Tó bá ti kóòtù dé, á sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹni tó sunkún, ẹni tó parọ́. Á wá bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

"Kò sí nǹkan."

Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó se oúnjẹ fún un, ó fọ aṣọ rẹ̀, ó sùn tì í, kò sọ ohun kan fún un tí kò lè sọ fún ẹni tó wá ra irúgbìn. Nígbà tí Doyle kú, ó sunkún ní balùwẹ̀, ó jáde, ó ní orí ló ń fọ́ òun. Nígbà tó fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú rẹ̀, kò sọ. Ó ní òun ń lọ kí ìbátan òun kan ní Jackson, ó wakọ̀ fún wákàtí méjì, wọ́n gé kókó náà jáde, wọ́n ní kì í ṣe èyí tó ń pani, ó wakọ̀ padà, ó gbé ọbẹ̀ alẹ́ kaná. Garland bi í pé báwo ni ìbátan rẹ̀. Ó ní ara rẹ̀ le.

Kò ṣe é láti jẹ ẹ́ níyà. Ó kàn jẹ́ pé ilẹ̀kùn yẹn ti há, òun náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i mọ́.

Àrùn ọkàn ló mú Garland. Ọ̀sẹ̀ kejì tó lò ní ọsibítù, dókítà pe Arvella sí kọ̀rọ̀, ó ní kó má lọ jìnnà lónìí. Ó jókòó tì í. Ohùn Garland tí ó fi ń mi ògiri kóòtù ti di bí ẹni ń fẹ́ná.

"Arvella. Sọ nǹkan kan fún mi."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Mi ò ní kóòtù tí màá gbé e lọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tí ó ti dípẹtà. "Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbà tí mo ní mò ń lọ kí ìbátan mi ní Jackson, kókó kan wà nínú ọmú mi. Mo lọ gé e ni."

Garland di ojú. Arvella rò pé ó ti sùn.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí ìwé dókítà. Mo tẹ̀lé ẹ. Inú ọkọ̀ ni mo wà, lábẹ́ igi kan níwájú ọsibítù, títí o fi jáde."

Èyí náà! Èyí tó fi pamọ́ láì fi fún ẹnikẹ́ni, ó ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́ta. Ó fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀? O bi mí pé báwo ni ìbátan mi!"

"O ò tíì sọ ọ́ fún mi ni."

Kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Kò fa ọwọ́ yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, bí dókítà ṣe rí, bí ilé náà ṣe tutù, bí ẹ̀rù ṣe bà á lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tó sì jẹ́ pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń pè. Garland ń gbọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, kò mi í mọ́, kò sì mí mọ́. Arvella sọ ọ́ dé òpin kó tó pe nọ́ọ̀sì. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́rin ọ̀sán kù díẹ̀ kó lù, òjò ń rọ̀ lórí Tolliver.